Bí a ṣe ń gbé táímìn ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ omi alágbára: ẹ má fi etí ṣe é

Ní Ìbàdàn níbí, etí la fi ń gbé táímìn, ìyẹn ìgbà tí pulọ́ọ̀gì gbọ́dọ̀ ta iná sí epo inú ẹ́ńjìnnì. Ẹ lọ sí Gate, ẹ lọ sí Ìwó Road, ẹ wo ọ̀gá mẹkáníìkì tó tẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì Peugeot 504. Á tú nọ́ọ̀tì ìdí dísítíríbútọ̀ (èyí tó ń pín iná fún àwọn pulọ́ọ̀gì) díẹ̀, á máa yí i sọ́tùn-ún sósì, á sì dẹ etí sílẹ̀. Bí ohùn ẹ́ńjìnnì bá ti dùn mọ́ ọn nínú, á ní kí ọmọ iṣẹ́ na sípánà sí òun, á dè é pa, ó parí. Bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà nìyẹn. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọ̀gá mi tó ti lọ, ó ń ṣiṣẹ́ lára mọ́tò.

Lára ọkọ̀ omi, ó ń pa ẹ́ńjìnnì.

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ omi àkọ́kọ́ tó dé ṣọ́ọ̀bù mi, láti Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti wọ́ ọ wá lórí tírélà. V8 ni (sìlíńdà mẹ́jọ ló ní), lítà 5.7, kabúrétọ̀ ló ń lò. Mo tún un ṣe, mo gbé táímìn rẹ̀ pẹ̀lú etí bí mo ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́, ohùn rẹ̀ sì dùn bíi ti gángan lọ́wọ́ ọmọ Àyàn. Alájà, ẹni tó ni ọkọ̀, tilẹ̀ fún mi lówó lé e. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó fi pè mí láti orí ọ̀sà: èéfín ń jáde ní ibi tí a ti ń da ọ́ìlì sí, agbára ẹ́ńjìnnì sì ti lọ. Nígbà tí a ṣí orí ẹ́ńjìnnì, písítìn keje ti lu. Ihò náà gba orí ìka mi. Èmi ni mo san owó písítìn náà, mo sì san owó ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kọ síbí, kí ẹlòmíràn má baà san án.

Kí ló dé tí etí fi ń purọ́?

Bí pulọ́ọ̀gì bá tan iná, epo kì í jó tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ó máa ń gba àkókò, bó tilẹ̀ kéré. Ohun tí a ń wá ni pé kí agbára iná náà dé ṣóńṣó nígbà tí písítìn bá ti dé òkè pátápátá (tọ́ọ̀pù ni àwa ń pè é), tó sì ti ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, ní nǹkan bíi dígíríì 15 lẹ́yìn tọ́ọ̀pù. Nítorí náà a gbọ́dọ̀ tan iná kí písítìn tó dé òkè. Ẹ rántí bí ẹni méjì ṣe ń gún iyán nínú odó kan. Bí ọmọ odó tèmi bá ń gòkè ni tìrẹ ń bọ̀ wálẹ̀. Bí ìwọ bá yára jù, a ó kọlu ara wa, ọwọ́ á ta wá. Iná tó yá jù lọ ń pàdé písítìn lójú ọ̀nà nígbà tó ṣì ń gòkè, ohun tó sì ń lu písítìn nìyẹn. Iná tó pẹ́ jù kì í fọ́ nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ooru á máa bá ẹgisọ́ọ̀sì lọ, ẹ́ńjìnnì á máa gbóná, epo á sì máa tán láìsí agbára.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà ẹgbẹ̀ta (600) ní ìṣẹ́jú kan, kiránkì (ọ̀pá tí àwọn písítìn ń yí) ń yí dígíríì 3.6 láàárín ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Bó bá ń yí ní 3,000, dígíríì 18 ló ń yí láàárín àkókò kan náà. Epo ò mọ̀ pé eré ń pọ̀, ó ń jó bó ṣe ń jó. Ìdí nìyẹn tí iná fi gbọ́dọ̀ máa ṣíwájú sí i bí eré bá ṣe ń pọ̀. Dísítíríbútọ̀ ló ń ṣe èyí, yálà pẹ̀lú irin kéékèèké méjì àti sípíríìnì tó wà nínú ikùn rẹ̀, tàbí pẹ̀lú àpótí iná, ìyẹn àpótí tó ń pàṣẹ ìgbà tí iná yóò ta.

Ọ̀nà méjì ni táímìn pín sí, nítorí náà. Ti ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń mí jẹ́jẹ́, àti àpapọ̀, nígbà tí gbogbo ìṣíwájú ti wọlé tán. Ti ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ni etí ń gbọ́. Ẹ́ńjìnnì tó dúró sójú kan sì fẹ́ràn kí iná yá. Bí ẹ bá gbé e dé dígíríì 18 kí písítìn tó dé tọ́ọ̀pù, ohùn á rọ̀, ìyípo á ga, ẹ ó rò pé ẹ ti ṣe iṣẹ́ ńlá. Ṣùgbọ́n bí ìṣíwájú inú dísítíríbútọ̀ bá jẹ́ 22, ẹ ti kó ẹni tó wà lórí omi lọ sí 40. Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Ká ní 10 ni mo fi í sí, 32 ni ì bá dé, písítìn ì bá sì wà níbẹ̀ títí di òní.

Ẹ lè béèrè pé kí ló dé tí mọ́tò kì í kú bẹ́ẹ̀. Mọ́tò kì í fi gbogbo agbára rẹ̀ ṣiṣẹ́ pẹ́. Ọkọ̀ omi ni ẹ wò bí Micra tó kún èrò, tó ń gun òkè Màpó, tí òkè ọ̀hún kò sì lópin. Kò sí ìsàlẹ̀ tí yóò sọ̀, kò sí gẹ́ẹ̀sì tí yóò dín. Omi ń dì í mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí iná tó yá jù bá ń kan písítìn mọ́tò, ẹ ó gbọ́ ọ bí ìgbà tí ènìyàn ń mi owó ẹyọ nínú agolo, ẹ ó sì gbé ẹsẹ̀ kúrò. Lórí omi, ariwo ẹgisọ́ọ̀sì, afẹ́fẹ́ àti ìgbì ń bo ohùn yẹn mọ́lẹ̀. Písítìn á ti lu kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ nǹkan kan.

Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ ṣe: èémí epo àti omi

Mo ti rí ẹni tó jó irun ojú rẹ̀ nínú ọkọ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n pẹ́ díẹ̀ níbí. Èémí epo bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Nínú mọ́tò, ó ń jò gba abẹ́ lọ sórí ilẹ̀, ó sì tán. Nínú ọkọ̀ omi, abẹ́ ọkọ̀ dí, ibẹ̀ ni yóò rọ̀gún sí bí ọbẹ̀ nínú ìkòkò. Ẹ ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, ẹ tan fáànù tó ń fa èémí jáde fún ìṣẹ́jú mẹ́rin ó kéré tán kí ẹ tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ tún fi imú yín gbọ́ òórùn abẹ́ ọkọ̀. Fáànù lè máa yí kó má fa nǹkan kan, imú kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé agolo apanáná sí ibi tí ọwọ́ yín lè tó o láìwá a.

Nítorí èémí yìí kan náà, ẹ má fi dísítíríbútọ̀ mọ́tò sínú ọkọ̀ omi. Wọ́n jọra bí ìbejì, ti mọ́tò sì pọ̀ ní Gate lówó pọ́ọ́kú. Ti ọkọ̀ omi ní àwọ̀n tó ń dí iná mọ́ inú, kí ó má lè jáde lọ bá èémí epo. Àwọn sítátà àti ọ́tánétọ̀ ọkọ̀ omi náà rí bẹ́ẹ̀. Ti mọ́tò tún ní rọ́bà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì máa ń fà láti mú kí iná ṣíwájú nígbà tí ẹrù bá fúyẹ́. Ẹrù ọkọ̀ omi kì í fúyẹ́, kò nílò rẹ̀.

Omi ńkọ́? Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ omi kò ní rédíétọ̀ bíi ti mọ́tò, omi ọ̀sà ló ń fà láti tu ara rẹ̀ nínú. Bí ẹ bá tan án lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ímpẹ́là (abẹ̀bẹ̀ rọ́bà) inú pọ́ǹpù rẹ̀ á jó láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Ẹ so rọ́bà tó rí bí etí méjì mọ́ ibi tó ti ń fa omi, ẹ fi ọ́ọ̀sì sí i. Ní ṣọ́ọ̀bù tèmi, táńkì tó wà lókè ni mo ń lò, kì í ṣe pọ́ǹpù kànga, torí wọ́n lè mú iná lọ nígbàkigbà, ẹ́ńjìnnì kò sì mọ̀ pé wọ́n ti mú iná lọ. Ẹ yọ pùrópẹ́là kúrò. Ẹ máa wo gééjì ooru, kí ẹ sì rí i pé omi ń jáde lẹ́yìn. Ẹ má sì jẹ́ kó kọjá ìyípo 1,500 lórí ọ́ọ̀sì, torí pé bí pọ́ǹpù bá fa omi ju ohun tí ọ́ọ̀sì lè gbé lọ, ọ́ọ̀sì á tẹ̀ pọ̀, omi á sì dá.

Ẹ ti rí i pé 1,500 kò tó láti rí àpapọ̀ táímìn. Ti ìbẹ̀rẹ̀ la lè ṣe ní Ìbàdàn. Àpapọ̀ di orí omi.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá àmì inú púlì jẹ́ òótọ́

Ìgbésẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ń fò nìyí, òun ni mo sì kà sí pàtàkì jù. Púlì ńlá tó wà níwájú kiránkì ní ilà kan. Ara ẹ́ńjìnnì sì ní irin kan tó ní nọ́ńbà. Bí ilà bá bá òdo, a gbà pé písítìn kìíní wà ní tọ́ọ̀pù. Ṣùgbọ́n púlì yẹn kì í ṣe irin kan ṣoṣo: irin méjì ni, rọ́bà wà láàárín wọn. Rọ́bà á gbó, irin ẹ̀yìn á sì yí kúrò níbi tó wà, ilà á bá a lọ. Nínú ẹ́ńjìnnì tókunbọ̀, wọ́n sì tún lè ti fi púlì ọdún kan pọ̀ mọ́ irin nọ́ńbà ọdún mìíràn. Àmì á dúró gbọin-gbọin, yóò sì máa purọ́.

Bí a ṣe ń dán an wò: ẹ tú wáyà bátìrì kúrò. Ẹ yọ gbogbo pulọ́ọ̀gì, kí ẹ́ńjìnnì lè rọrùn láti fọwọ́ yí. Ẹ wá pulọ́ọ̀gì àtijọ́ kan, ẹ fọ́ tánganran inú rẹ̀ kúrò, kí ẹlẹ́rọ wẹ́ńdà jó bóòtì gígùn kan mọ́ ọn, kí orí bóòtì náà sì rí roboto. Ẹ dè é sí ihò pulọ́ọ̀gì sìlíńdà kìíní, èyí tó wà níwájú, lápá òsì ẹni tó jókòó tó kọjú síwájú ọkọ̀, bó bá jẹ́ V8 Chevrolet. Ẹ fi sípánà yí kiránkì jẹ́jẹ́, kì í ṣe sítátà rárá, títí písítìn á fi kan bóòtì. Ẹ fi péńtì funfun sàmì sí púlì níbi tí òdo irin wà. Ẹ wá yí i padà sí apá kejì títí yóò fi tún kan bóòtì, ẹ tún sàmì. Àárín gbùngbùn àmì méjèèjì yẹn ni tọ́ọ̀pù gidi. Bí ilà púlì bá bọ́ sí àárín yẹn, inú yín dùn. Bí kò bá bọ́ síbẹ̀, ẹ pa ilà àtijọ́ rẹ́, ẹ fa tuntun, kí ẹ sì sọ fún ẹni tó ni ọkọ̀ pé púlì rẹ̀ ń wá ìpààrọ̀.

Yíyí ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn báyìí lè yí apá ímpẹ́là padà. Ẹ ṣí pọ́ǹpù wò lẹ́yìn iṣẹ́ yìí, ẹ má dúró dìgbà tí ooru á fi sọ ọ́.

Bí a bá ti mọ tọ́ọ̀pù, ẹ jẹ́ ká fa àwọn dígíríì sórí púlì. Ẹ yá tépù télọ̀, ẹ fi yí etí púlì ká. Ohun tó bá jẹ́, ẹ pín in sí 360, dígíríì kan nìyẹn. Púlì tó fẹ̀ ní ínṣì 8, yíyí ká rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 638, dígíríì kan sì jẹ́ 1.77. Dígíríì 10 jẹ́ mìlímítà 17.7, 30 jẹ́ 53, 32 jẹ́ nǹkan bíi 57. Púlì kékeré tó jẹ́ ínṣì 6.75 kò ju mìlímítà 1.5 fún dígíríì kan, nítorí náà 30 jẹ́ 45. Apá ibi tí kiránkì ń yí lọ ni kí ẹ ti wọn láti ilà tọ́ọ̀pù. Bí ẹ bá wọn ọ́n sí apá kejì, iná tí ẹ ó rí á di ti ẹ̀yìn tọ́ọ̀pù, gbogbo iṣẹ́ yín á yí padà. Mo máa ń fa ilà sí 8, 10, 28, 30, 32, 34, mo sì ń kọ nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Àwọn kan á ní iná táímìn àwọn (tọ́ọ̀ṣì tó ń kọ yẹ̀rì sórí púlì nígbàkígbà tí pulọ́ọ̀gì kìíní bá ta) ní bọ́tìnnì tí a fi ń ka dígíríì. Ó dára, ṣùgbọ́n àwọn àpótí iná kan máa ń ta iná lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, bọ́tìnnì náà sì máa ń dàrú. Ìlà péńtì kì í dàrú.

Wáyà keje

Ètò títa iná V8 Chevrolet ni 1-8-4-3-6-5-7-2. Ẹ kọ ọ́ sí ògiri. Rótọ̀ rẹ̀ ń yí bí ọwọ́ agogo. Àwọn ọkọ̀ kan tó ní ẹ́ńjìnnì méjì wà tí ọ̀kan nínú wọn ń yí lódìkejì, ètò tirẹ̀ sì yí padà: 1-2-7-5-6-3-4-8. Ẹ wo ara ẹ́ńjìnnì dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Ẹ wo nọ́ńbà 5 àti 7. Wọ́n tẹ̀ lé ara wọn nínú ètò, wọ́n sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní apá kan ẹ́ńjìnnì. Bí wáyà wọn bá sùn ti ara wọn gbọọrọ, nígbà tí iná bá ń lọ sí 5, díẹ̀ lára rẹ̀ lè bọ́ sórí wáyà 7, pulọ́ọ̀gì 7 á sì ta nígbà tí písítìn rẹ̀ ṣì jìnnà sí òkè, dígíríì 90 ṣíwájú àkókò rẹ̀. Písítìn keje ni ó lu nínú ẹ́ńjìnnì tí mo bà jẹ́. Mo rántí bí mo ṣe fi okùn di gbogbo wáyà náà pọ̀ kí ó lè dára lójú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jìnnà síra wọn. Bó bá sì di dandan kí wọ́n gba ibì kan, kí ọ̀kan gba orí èkejì kọjá ní ìdábùú.

Bó bá jẹ́ kọ́ńtáàtì ló ń lò (irin kékeré méjì inú dísítíríbútọ̀ tó ń ṣí tó sì ń pa dé láti ta iná), kí ẹ tó gbé táímìn, ẹ wo àlàfo ojú rẹ̀. Mìlímítà 0.4 ló sábà máa ń wà fún V8. Yíyí àlàfo yìí padà ń yí táímìn padà, nítorí náà kọ́ńtáàtì lẹ́yìn táímìn jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì.

Táímìn ìbẹ̀rẹ̀

Ẹ dá pulọ́ọ̀gì padà, ẹ so bátìrì, ẹ fi kọ́líìpù iná táímìn há wáyà kìíní. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì kó gbóná dáadáa, kí ìyípo rẹ̀ wà láàárín 600 sí 700. Bó bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìṣíwájú inú dísítíríbútọ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ẹ ó sì máa ka nǹkan mìíràn.

Tó bá jẹ́ àpótí iná oníkọ̀ǹpútà, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá a dúró, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bí ẹ ṣe ń yí dísítíríbútọ̀ ni òun náà á máa tún un ṣe padà. Lára Mercruiser (irú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ omi kan) tó ń lo àpótí iná Thunderbolt V, wáyà aláwọ̀ àlùkò tó ní ìlà funfun ni ẹ ó so mọ́ irin ara ẹ́ńjìnnì. Ti àpótí iná Delco, wáyà kékeré kan ni wọ́n ń so sínú ṣọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ẹ má gbàgbé láti yọ ọ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Bí wáyà yẹn bá wà níbẹ̀, ọkọ̀ náà kò ní í ní agbára, wọ́n á sì pè yín láti orí omi.

Ẹ tan iná táímìn sí púlì. Ọ̀pọ̀ Mercruiser 5.7, tí V8 Chevrolet wà nínú rẹ̀, ń wá dígíríì 8 sí 10, ṣùgbọ́n ìwé ẹ́ńjìnnì tiyín ni ọba. Ẹ tú nọ́ọ̀tì ìdí dísítíríbútọ̀, kì í ṣe tán, kí ó ṣì há díẹ̀. Yíyí i lódìkejì bí rótọ̀ ṣe ń yí ń mú kí iná yá, yíyí i sí apá ibi tí rótọ̀ ń yí sí ń mú kó pẹ́. Bí ìbú fọ́nrán irun lẹ ń yí i o, kì í ṣe bí ìbú ìka. Dígíríì kan lára dísítíríbútọ̀ jẹ́ méjì lára kiránkì.

Ohùn rẹ̀ kò ní í dùn tó bí etí yín ṣe ń fẹ́. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé e dé 1,500 díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa wo ilà. Ó yẹ kí ó máa ṣíwájú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láìfò. Bí ó bá ń jó síwájú sẹ́yìn, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọ̀pá dísítíríbútọ̀ ti jẹ tó sì ń mì, tàbí bóyá ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì ti gùn. Bí ó bá sáré wọlé gbogbo rẹ̀ kí ó tó dé 1,500, sípíríìnì rẹ̀ ti rẹ̀. Ìṣíwájú tó yára jù báyìí ń fìyà jẹ ẹ́ńjìnnì nígbà tí ọkọ̀ ń gbìyànjú láti gun orí omi, tí ẹrù wà tí eré kò tíì sí.

Lórí omi

Àwọn oníbàárà kan máa ń sọ pé kí a lọ dán an wò ní Èlẹ́yẹlé. Mi ò kì í gbà. Omi tí Ìbàdàn ń mu ni ìdídò yẹn láti 1942, a kò gbọ́dọ̀ da ọ́ìlì sí i, ewé tó bo orí rẹ̀ yóò sì dí ẹnu pọ́ǹpù. Aṣéjìrè náà rí bẹ́ẹ̀, omi mímu ni. À ń gba ojú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Ẹ̀pẹ́, a sì ń gbé ọkọ̀ sínú ọ̀sà.

Kí ẹnì kan wa ọkọ̀, kí ẹnì kan mú iná táímìn, kí àwọn méjèèjì wọ aṣọ ìfòlómi. Ẹni tó mú iná kò gbọ́dọ̀ wọ aṣọ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́, kí bẹ́líìtì má baà gbé agbádá. Ẹ gbé ìyípo dé 3,000, lẹ́yìn náà 3,500, ẹ wo ilà. Ibi tí ilà ti dúró, tí kò ṣíwájú mọ́ bí eré bá tilẹ̀ pọ̀ sí i, ni àpapọ̀ yín.

V8 5.7 tó ní orí àtijọ́ sábà máa ń jókòó dáadáa ní 32 sí 34. Èyí tó ní orí tuntun tí wọ́n ń pè ní Vortec ń fẹ́ kí ó kéré sí i, torí iná ń yára jó nínú rẹ̀. Èmi kì í bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Mo ń bẹ̀rẹ̀ ní 28, mo máa ń sáré, mo ń wo ìyípo tó ga jù lọ àti eré lórí GPS, mo sì ń fi dígíríì 2 kún un. Nígbà tí 2 kan bá wọlé tí eré kò pọ̀ sí i, mo ń dá a padà sí ti ìṣáájú. Mi ò ní í kọjá ohun tí ìwé sọ, bó ti wù kí ẹni tó ni ọkọ̀ pariwo tó. Epo tí wọ́n ti pò kẹrosíìnì mọ́ kò ní í fi hàn yín, inú písítìn ló ti máa fi hàn, nítorí náà ẹ fi àyè sílẹ̀ fún un.

Tí ó bá jẹ́ pé Mercruiser 5.7 alákabúrétọ̀ kò lè dé 4,400 pẹ̀lú gbogbo gẹ́ẹ̀sì, ẹ má fi táímìn wo àìsàn pùrópẹ́là. Pùrópẹ́là tó tóbi jù ló ń dì í mú. Bí ẹ bá tún wá fi iná ṣíwájú sí i láti wá eré, ẹ́ńjìnnì tí ẹrù ti pọ̀ lórí rẹ̀ ni ẹ ń lù.

Kí pulọ́ọ̀gì jẹ́rìí

Lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti sáré dáadáa fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ dín eré rẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀, torí ìgbì ẹ̀yìn lè wọ inú ọkọ̀ bí ẹ bá dá a dúró lójijì. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó mí jẹ́jẹ́ pẹ́, ẹ pa á, ẹ yọ pulọ́ọ̀gì. Ẹ mú gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá. Tánganran aláwọ̀ ilẹ̀ fífẹ́rẹ́ dára. Bí ẹ bá rí tóótòòtóó dúdú tàbí fàdákà bí ìyẹ̀fun ata lórí tánganran, àlùmíníọ́ọ̀mù písítìn ni, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara rẹ̀. Ẹ dá iná padà ní dígíríì 4 lójú ẹsẹ̀, ẹ má tún sáré kí ẹ tó mọ ìdí. Ẹ wo irin kékeré tó tẹ̀ sórí ẹnu pulọ́ọ̀gì: ibi tí àwọ̀ rẹ̀ ti yí padà nítorí ooru ń fi táímìn hàn. Bí ó bá wà ní ìtẹ̀ rẹ̀ gan-an, ó dára. Bí ó bá ti sọ̀ dé ìdí rẹ̀, iná ti yá jù. Ẹ yẹ gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ wò, kí ẹ sì mú 7 wá sí ojú ìmọ́lẹ̀ jù.

Ẹ̀yin tó ń tún ẹ́ńjìnnì Yamaha kéékèèké ṣe, alágbára ẹṣin 40 àti irú rẹ̀ tó ń wà lẹ́yìn ọkọ̀, ẹ má gbé nọ́ńbà V8 lọ síbẹ̀. Kò ní dísítíríbútọ̀. Apá irin tó so gẹ́ẹ̀sì mọ́ àwo irin tó ń ta iná ni ó ń gbé táímìn rẹ̀, gígùn apá náà sì ni a ń tún ṣe. Bí a ṣe ń ṣe é pẹ̀lú gééjì tí a ń fi sí ihò pulọ́ọ̀gì, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni. Ẹ́ńjìnnì tí pulọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan ní kọ́ìlì tirẹ̀, tí kò ní dísítíríbútọ̀ rárá, kọ̀ǹpútà ló ni táímìn rẹ̀, kò sí ohun tí sípánà fẹ́ ṣe níbẹ̀.

Bí gbogbo rẹ̀ bá ti gún, ẹ de nọ́ọ̀tì dísítíríbútọ̀ pa, kí ẹ tún tan iná wò, torí dídè máa ń yí i. Ẹ fa ilà péńtì kan láti ara dísítíríbútọ̀ sọ̀ sórí ẹ́ńjìnnì, kí ẹni tó bá fọwọ́ kàn án lẹ́yìn yín lè mọ ibi tó wà. Ẹ kọ ọ́ sí abẹ́ ìdérí ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú máàkà: ọjọ́, ìbẹ̀rẹ̀ 10, àpapọ̀ 32, àti irú pulọ́ọ̀gì tó wà nínú rẹ̀.